Bírò oníná, bébà, àbí tẹ́sítà tó ń se ọ́ìlì: èwo ni kẹ́ ẹ rà láti fi wo omi inú ọ́ìlì bíréèkì?

Kí n tètè sọ ibi tí mò ń lọ kẹ́ ẹ má bàa máa fà á lọ sísàlẹ̀ lórí fóònù: tó bá jẹ́ mọ́tò kan ṣoṣo lẹ ní, tẹ́ ò sì rántí ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì ẹ̀ kẹ́yìn, ẹ má ra tẹ́sítà kankan. Ẹ fowó yẹn ra ọ́ìlì tuntun, kí mẹkáníìkì yín fa ti àtijọ́ dànù. Ó tán. Ìjẹ̀bú ni mí, mi ò ní í ní kẹ́ ẹ lọ náwó síbi tí kò yẹ. Àmọ́ tó bá jẹ́ mọ́tò méjì mẹ́ta ló wà nílé, àbí ẹ fẹ́ lọ ra tòkúnbọ̀, àbí mọ́tò lẹ fi ń jẹun bíi tèmi tí mò ń kó ọmọ iléèwé láàárọ̀ lọ́sàn-án, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀.

Ọ́ìlì bíréèkì tó wà nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò wa, DOT 3 tàbí DOT 4 (DOT ni orúkọ ìwọ̀n tí òfin ìrìnnà Amẹ́ríkà fi pín wọn, ó wà lára ìgò), ẹnu lásán la fi ń pè é ní ọ́ìlì, òun àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ò bá ara wọn tan rárá. Ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra bí iyọ̀ tí wọ́n gbàgbé láìdé lásìkò òjò. Kò dìgbà tẹ́nì kan bá da omi sí i o, omi ń gba ara ọ́ọ̀sì rọ́bà wọlé, ó ń gba ihò tín-ín-rín tó wà lára ìdérí ike tí ọ́ìlì wà nínú ẹ̀ wọlé, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Ẹ sì mọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa n'Íjẹ̀bú ńbí tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, aṣọ tẹ́ ẹ sá sí fàráńdà lè lo ọjọ́ méjì kó má gbẹ.

Ewu ibẹ̀ ni ooru tí bíréèkì ń mú jáde tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́. DOT 3 tuntun ò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205 lórí ìwọ̀n Celsius, DOT 4 tuntun 230, DOT 5.1 tuntun 260. Tí omi inú ẹ̀ bá ti tó nǹkan bíi 3.7 nínú 100, ohun tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ wọn já wá sí 140, 155 àti 180. Tó bá wá hó sínú páìpù, ó ti di ooru omi nìyẹn, ooru omi ṣeé fún pọ̀, ọ́ìlì ò ṣeé fún pọ̀. Ẹ̀ẹ́ tẹ pẹ́dàlì, á wọlé lọ rọ̀rọ̀ dé kápẹ́ẹ̀tì, mọ́tò á máa lọ ní tiẹ̀.

Ó ti ṣe mí rí ni mo fi ń sọ. Mò ń bọ̀ láti Ṣágámù lọ́nà Bẹ́nìn, ẹ mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe máa ń rí, ẹ sáré díẹ̀, ẹ bá igi tí wọ́n gbé dábùú, ẹ dúró, ẹ tún sáré, tírélà kan tún yà síwájú yín láì wo ẹ̀yìn, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìgbà tí mo fi máa yà wọ Mọ́bálùfọ̀n, pẹ́dàlì ti rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Gíà ni mo fi fà á, mo fi bíréèkì ọwọ́ ràn án lọ́wọ́, Ọlọ́run ló kó mi yọ. Nígbà tílẹ̀ mọ́, pẹ́dàlì ti le padà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan! Ọ̀gá mẹkáníìkì ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ó tanná fóònù sí i, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ wò ó, ó mọ́ roro bí oyin, kì í ṣe ọ́ìlì ló fà á." Páàdì ló ń fura sí. A pààrọ̀ páàdì, owó lọ. Ọ́ìlì yẹn gan-an ni.

Nítorí ẹ̀, ti kí wọ́n máa fojú wò ó, tàbí kí wọ́n ti ìka bọ̀ ọ́ kí wọ́n fi pa àtàǹpàkò, ọ̀fẹ́ ni, iye ọ̀fẹ́ náà ló sì tó. Tó bá ti dúdú, ó ti gbó, ìdọ̀tí ti kún inú ẹ̀, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ láì bi ẹnikẹ́ni. Àmọ́ tó bá mọ́, kò fi nǹkan kan hàn yín, omi kì í yí àwọ̀ ẹ̀ padà.

Bírò oníná

Èyí ló pọ̀ jù lọ́jà, òun náà sì ni mò ń lò. Ó rí bíi bírò tó sanra, bátìrì wà nínú ẹ̀, ẹnu ẹ̀ ní irin ṣóńṣó méjì. Ẹ ki irin méjèèjì bọ ọ́ìlì, ẹ tẹ bọ́tìnì, iná á tàn. Èyí tó wọ́pọ̀ ní iná márùn-ún: gíríìnì kan, yẹ́lò méjì, pupa méjì. Gíríìnì ni kò sómi, yẹ́lò ni nǹkan bíi 1 sí 2 nínú 100, pupa kìíní 3, pupa kejì 4 lọ sókè. Owó ẹ̀ ò jìnnà sí owó páàdì iwájú.

Ohun tí àwọn tó ń tà á ò ní í sọ ni pé bírò yìí ò mọ omi rí. Bí iná mànàmáná ṣe ń ráyè gba inú ọ́ìlì kọjá ló ń wọ̀n. Òótọ́ ni pé omi máa ń jẹ́ kí iná ráyè kọjá, àmọ́ kẹ́míkà tí oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pò mọ́ ọ́ìlì tiẹ̀ náà ń dá sí i, wọn ò sì pò ó bákan náà. Ìdí nìyẹn tí bírò kan fi lè máa tan yẹ́lò nínú ọ́ìlì tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ já ìdérí ẹ̀, kó wá dákẹ́ sórí gíríìnì níbi tó yẹ kó pariwo.

Kẹ́ ẹ tó gba tiyín gbọ́, ẹ dán an wò báyìí. Mo ra ọ́ìlì tí wọn ò tíì já, irú èyí tí mọ́tò mi ń lò gan-an. Mo wá ìgò jáàmù kékeré mẹ́ta, mo fọ̀ wọ́n, mo sá wọn sóòrùn títí wọ́n fi gbẹ táútáú. Mo lọ ra sìrínjì méjì ní kẹ́míìsì, ńlá kan tó ń gba 10 ml, tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gba 1 ml (ọmọ tó tà á fún mi kọ́kọ́ ń wò mí bákan). Mo fa ọ́ìlì 10 ml sínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Ìgò kìíní, mi ò fi nǹkan kan sí i. Ìkejì, mo kán omi 0.1 ml sí i, bíi 1 nínú 100 nìyẹn. Ìkẹta, 0.3 ml, bíi 3 nínú 100. Mo dé wọn, mo mì wọ́n dáadáa, mo ń ki bírò bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fi aṣọ gbígbẹ nu ẹnu ẹ̀ láàárín. Gíríìnì nínú tàkọ́kọ́. Yẹ́lò kan nínú ìkejì. Ìkẹta tó yẹ kó pupa, yẹ́lò méjì ló tàn, mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ibẹ̀ náà ló dúró sí. Ó túmọ̀ sí pé nínú bírò tèmi, yẹ́lò kejì ni pupa, mo sì ti fi máákà kọ ọ́ sára ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìpẹru ra èyí tó jọ tèmi bí ìbejì, tiẹ̀ ń tan yẹ́lò nínú ọ́ìlì tuntun. Bátìrì tó ti ń kú náà lè dà á rú, ẹ fi tuntun sí i kẹ́ ẹ tó bú u.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó, kí mọ́tò ti tutù, kó má jẹ́ ìgbà tí òjò ń rọ̀. Ẹ nu ìdérí kẹ́ ẹ tó ṣí i, torí yanrìn kékeré tó bá jábọ́ síbẹ̀ lè ba nǹkan ńlá jẹ́, ẹ ki bírò bọ̀ ọ́, ẹ wò ó, ẹ tètè dé e. Tó bá ta sára pẹ́ńtì mọ́tò, omi ni kẹ́ ẹ dà sí i kíákíá, ó máa ń jẹ pẹ́ńtì.

Kinní kan tún wà níbẹ̀. Ọ́ìlì bíréèkì kì í yí káàkiri bíi ti ẹ́ńjìnnì, èyí tó wà lókè nínú ike lè dáa díẹ̀ kí èyí tó wà nídìí táyà, níbi tí ooru wà gan-an, ti bàjẹ́. Pàápàá tó bá jẹ́ pé mẹkáníìkì ti ń bu tuntun lé e lórí. Nítorí náà tí bírò bá pupa lókè, ẹ gbà á gbọ́. Tó bá gíríìnì lókè, ẹ ní kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì bílíìdì ẹ̀yìn (nọ́ọ̀tì kékeré ìdí táyà tí wọ́n fi ń fa ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ jáde), kí wọ́n gba díẹ̀ sínú ìgò mímọ́, kẹ́ ẹ wá ki bírò bọ ìyẹn. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi ọ́ìlì tuntun dí i, kí wọ́n rí i pé kò sáfẹ́fẹ́ níbẹ̀.

Ibi tí bírò yìí ti dùn mọ́ mi jù ni tòkúnbọ̀. Ẹ ti í sápò lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á. Ẹni tó ń ta mọ́tò á ní gbogbo nǹkan pé, ẹ̀yin ẹ kàn ní kó ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Pupa ò ní kẹ́ ẹ má ra mọ́tò náà o, ó kàn túmọ̀ sí pé ẹnìkan ò tọ́jú bíréèkì, ẹ fi ná an wálẹ̀.

Bébà

Wọ́n máa ń tà á sínú ìgò kékeré, ẹ rì í bọ ọ́ìlì, àwọ̀ ẹ̀ á yí, ẹ fi wé àwòrán ara ìgò. Èyí tí mo lò yẹn, bàbà ló ń wá, kì í ṣe omi. Bàbà máa ń yọ́ wọnú ọ́ìlì láti ara páìpù tí kẹ́míkà tó ń dènà ìpata bá ti tán, nítorí náà ó ń sọ òótọ́ nípa bí ọ́ìlì ṣe gbó. Ó dáa, àmọ́ ìbéèrè tẹ́ ẹ bi í kọ́ ló ń dáhùn. Ẹ̀ẹ̀kan péré sì lẹ máa lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò rà á mọ́.

Èyí tó ń se ọ́ìlì

Èyí lọ̀gá. Ẹ so ó mọ́ bátìrì mọ́tò, ó bu ọ́ìlì díẹ̀, ó sè é títí tó fi hó, ó kọ iye tó ti hó sójú ẹ̀. Ní bíi ìṣẹ́jú kan. Kò ṣe méfò, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀ gan-an ló wọ̀n, kò sì kàn án irú kẹ́míkà tí oníṣẹ́ pò. DOT 4 tó bá ti ń rìn sún mọ́ 155, tàbí DOT 3 tó ń sún mọ́ 140, ẹ má fi lọ Èkó lọ́la. Mo yá ọ̀kan lò lọ́wọ́ ẹnìkan tó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ní Ṣágámù, ó sì fi hàn pé máákà tí mo kọ sára bírò mi ò parọ́. Àmọ́ owó ẹ̀ lè ra táyà tuntun méjì mẹ́ta. Ó ń gbóná, ẹ ò lè fà á fọ́mọ láti bá yín dì í mú. Ẹni tó ń tún mọ́tò ogún ṣe lóṣù ló yẹ kó ra á. Tẹ́ ẹ bá rí mẹkáníìkì tó ní i, ẹ sanwó fún un kó bá yín wò ó, ó sàn ju kẹ́ ẹ lọ ra tiyín.

Ká wá gbé wọn síra

Bírò àti èyí tó ń se ọ́ìlì nìkan ló yẹ ká máa bá ara wọn wé. Ti òótọ́ sísọ, èyí tó ń se é borí, kò tiẹ̀ súnmọ́ra. Ti owó, bírò borí. Ti ká ṣe é nílé láìdọ̀tí, bírò. Ti ká fi jiyàn pẹ̀lú mẹkáníìkì tó ní ọ́ìlì mọ́, èyí tó ń se é, torí nọ́ńbà ò ṣeé jà níyàn, àmọ́ iná yẹ́lò, wọ́n á ní bírò ṣáínà ni. Méjèèjì ò wúlò fún DOT 5, ìyẹn sílíkóònù ni, kì í fa omi mọ́ra bíi tàwọn yòókù, ẹ ò sì gbọdọ̀ dà á pọ̀ mọ́ 3 tàbí 4 láéláé. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sórí ìdérí ike bíréèkì yín.

Ẹ wá fi owó bírò wé owó ọ́ìlì tuntun. Ọ̀pọ̀ ìwé mọ́tò ló ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ lọ́dún méjì, àwọn míì mẹ́ta. Ẹni tó bá ń ṣe ìyẹn láìjẹ́ kó kọjá, tó lẹ tépù mọ́ ike, tó kọ oṣù àti ọdún sí i, kò nílò bírò. Ọ̀pọ̀ wa ò kàn ń ṣe é ni, àfi tí Iléyá bá kù díẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń bọ̀ wá sí Ọjúde Ọba, ìgbà yẹn lẹ ó rí mọ́tò lórí ìlà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn Garage.

Tẹ́ ẹ bá ń ra ọ́ìlì, ẹ ra ìgò kékeré, kẹ́ ẹ fúnra yín já a. Ẹ má gba èyí tí onípáàtì ti bù nínú ẹ̀ fẹ́lòmíì lánàá, omi ti ń wọ ìyẹn látìgbà tó ti ṣí i. Èyí tó bá ṣẹ́kù sílé yín, ẹ má fi pamọ́ dọdún tó ń bọ̀, ẹ má sì dà á sínú ìgò omi, àwọ̀ ẹ̀ jọ tíì tí ò ní mílíìkì, májèlé sì ni. Mo ti rí i lórí fèrèsé ilé ìdáná lójú ara mi.

Ọ̀gá mẹkáníìkì mi ti ń yá bírò mi báyìí. Gbogbo Sátidé ló ń ránṣẹ́ sí mi. Ohun kan ṣoṣo tí mo bá a sọ ni pé kó máa nu ẹnu ẹ̀ kó tó dá a padà.