Kámẹ́rà Oníkáàdì àbí Onísíìmù: Èwo Ló Yẹ Àgbọ̀nrín Ìgbà Ìrúwé?

Ẹ̀yin ará wa ní Maryland àti Pennsylvania, tí àgbọ̀nrín ń wọ ẹ̀yìnkùlé yín wá jẹ òdòdó, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ máa wò wọ́n nígbà ìrúwé, oríṣi kámẹ́rà méjì ló wà tí a ń fi okùn so mọ́ igi, tó ń dá ya àwòrán fúnra rẹ̀: èyí tó ń kó àwòrán sínú káàdì, àti èyí tó ní síìmù, tó ń fi í ránṣẹ́ sórí fóònù. Mo ti lo méjèèjì. Iye megapixel tí wọ́n kọ sára páálí, ẹ gbójú kúrò níbẹ̀.

Koríko ni kí ẹ bi mí. Ohun tó ń jí kámẹ́rà wọ̀nyí ni ooru tó bá ń rìn níwájú wọn. Lóṣù kẹta, kò sí wàhálà. Tó bá fi máa di oṣù karùn-ún, koríko ti ga, oòrùn á mú ewé gbóná, afẹ́fẹ́ á mì ín, kámẹ́rà á ní ẹran ló dé. Bí oníkáàdì bá ya ẹgbẹ̀rún irú ẹ̀, ẹ kàn máa pa á rẹ́ ni. Ti onísíìmù, owó ni. Ètò tí mò ń san lóṣooṣù níye àwòrán tó gbà. Koríko jẹ ẹ́ tán kí oṣù tó dé ìdajì, iléeṣẹ́ náà sì gbé mi lọ sí ètò tó wọ́n jù ú lọ láì bi mí léèrè. Mo pè wọ́n títí, wọ́n ní ó wà nínú àdéhùn. Kí ni mo wá rí? Ewé kan ṣoṣo tí iná tí kámẹ́rà ń tàn lóru tàn sí, tó funfun bí ẹfun, tí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú kirikiri. Bóyá àgbọ̀nrín wà níbẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀.

Àwòrán tó ń bọ̀ lórí fóònù náà, wọ́n ti sọ ọ́ di kékeré kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Irun wẹ́wẹ́ tó bo ìwo akọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ẹ ò ní rí i, àfi kẹ́ ẹ tún sanwó.

Bátìrì: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá dáa, onísíìmù á jẹ ẹ́ run.

Olè: onísíìmù ló borí. Àwòrán olè lè ti dé kó tó tú okùn.

Òótọ́ ni pé ẹni tó bá ń lọ yọ káàdì á fi òórùn ara rẹ̀ sílẹ̀, á sì tún kó eégbọn bọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n ta ló ní kẹ́ ẹ máa lọ lójoojúmọ́?

Méjèèjì ló dáa. Bí ilẹ̀ yín bá jìnnà sílé, ẹ ra onísíìmù, kẹ́ ẹ sì rí i pé ètò rẹ̀ ṣeé dá dúró nígbà tó bá wù yín. Fún ẹ̀yìnkùlé, ẹ ra oníkáàdì, kẹ́ ẹ fi owó tó ṣẹ́kù ra káàdì kejì àti bátìrì lithium. Ẹ dojú ẹ̀ kọ àríwá kí oòrùn má baà wọ̀ ọ́ lójú, kẹ́ ẹ sì gé koríko iwájú ẹ̀. Láti ìparí oṣù karùn-ún, ẹ wo ilẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé àdá: inú koríko ni ìyá àgbọ̀nrín ń fi ọmọ sí lọ jẹun, ọmọ náà ò sì ní sá.