Èkó sí Accra nínú bàálù: ìṣẹ́jú 45 lókè, wákàtí 7 lójú ọ̀nà

Aago 9:10 àárọ̀ la gbéra ní Ìkẹjà, aago 8:55 àárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà la balẹ̀ ní Accra. Kì í ṣe àlọ́ o. Wákàtí 1 ni aago Gánà fi wà lẹ́yìn tiwa, ìrìnàjò ọ̀hún kò sì tó wákàtí kan. Ìyá oníṣòwò aṣọ tó jókòó tì mí wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n wo fóònù mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, àbí aago tèmi ló ń sáré ni?"

Lójú òfurufú, nǹkan bíi 400 kìlómítà ni. Bàálù ò tíì rí òkè dúró sí dáadáa tó fi ń sọ̀kalẹ̀. Mi ò jẹ míìtìpáì tí wọ́n pín dé ìdajì. Tẹ́ ẹ bá máa wọ̀ ọ́, ẹ jókòó sápá ọ̀tún nídìí fèrèsé. Ẹ ó rí ibi tí òkun ti ń ru funfun sétí yanrìn, láti Kọ̀tọ́nù títí kọjá Lomé.

Ilẹ̀ ni wàhálà wà. Aago 4 ìdájí ni mo kúrò nílé ní Ìyànà Ìpájà. Aago 7:30 ni wọ́n kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bẹ̀ wá pé ká ṣe sùúrù, wọn ò sọ ohun tó fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyẹn dùn mí ju ìdádúró lọ. Ní Accra, wọ́n yẹ káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ wò, a tò fún òǹtẹ̀ (ọmọ ECOWAS ò nílò físà), mo wọ takisí. Àárín ìlú ni pápákọ̀ wọn wà, kíá ni mo dé Osu. Aago Èkó ti lé ní 11.

Mo ti gba orí ilẹ̀ rí. Ọ̀nà náà ò tó 500 kìlómítà, àmọ́ Sẹ̀mẹ̀, Hillacondji àti Aflao: ẹnubodè mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ó sọ̀ kalẹ̀. A kúrò ní Jíbówú nídàájí, ilẹ̀ ti ṣú ká tó wọ Accra.

Ìyá yẹn ò tiẹ̀ bínú. Kumasi ní Gánà ni wọ́n bí wọn sí. Nígbà tí ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, lé àwọn àjèjì lọ́dún 1969, lọ́rì ló kó wọn wálé, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Èmi sì ń fapá jánú nítorí wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 40!

Màá tún wọ bàálù yìí, pàápàá fún iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Àmọ́ mi ò jẹ́ bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn àárọ̀ mọ́.

Nígbà tí mò ń bọ̀, aago 5 ìrọ̀lẹ́ la gbéra, aago 6:45 la balẹ̀ l'Ékòó. Gánà ti gba wákàtí rẹ̀ padà. Ìyàwó mi, tí mo ti sọ fún pé aago 6 mo ti dé, ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin.