Oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń lo áàpù tó ń sọ aláìsàn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fẹ́ yíwọ́

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Àkúrẹ́. Bí ibà tàbí àrùn ẹ̀dọ̀fóró bá gbé ènìyàn dé, a ó tẹ ọjọ́ orí rẹ̀, bípì, ìgbóná ara, iye èémí, ọ́síjìn àti èsì ẹ̀jẹ̀ sínú áàpù náà. Deep learning ló ń lò: wọ́n ti fi àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ aláìsàn kọ́ ọ, tàwọn tó yè àti tàwọn tó kú, òun fúnra rẹ̀ ló wá bí àwọn nọ́ńbà náà ṣe so kọ́ra.

Bàbá àgbẹ̀ kan ló jẹ́ kí n gbà á gbọ́. Òru ló dé, ó ń bá mi tàkúrọ̀sọ: "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, ṣáà fún mi lóògùn ibà, mo fẹ́ dé oko láàárọ̀." Mo tẹjú mọ́ àyà rẹ̀, mo ka èémí fún odindi ìṣẹ́jú kan: 31. Àgbàlagbà tára rẹ̀ le kì í ju 20 lọ. Ọ́síjìn 92. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú áàpù, iná pupa tàn, àmì ewu nìyẹn. Mo pe dókítà. Kílẹ̀ tó mọ́, ọ́síjìn ti já sí 84, àmọ́ orí bẹ́ẹ̀dì ló bá a, ọ̀pá ọ́síjìn ti wà nímú rẹ̀. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé.

Ẹ̀sùn tí mo ní sí i kò kéré. Àyè tí a bá fi sílẹ̀ lófìfo, áàpù á fi nọ́ńbà ẹni tára rẹ̀ dá dí i, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní Ondo wa yìí, tí ibà Lassa ń jà lápá Ọ̀wọ̀, ewu ńlá ni. Kíndìnrín tó ń daṣẹ́ sílẹ̀ wà lára àmì pé Lassa fẹ́ le, creatinine, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín máa ń sẹ́ dànù, la sì fi ń mọ̀ ọ́n. Lábù wa kì í ṣiṣẹ́ lóru. Báyìí ni obìnrin kan ṣe gba iná aláwọ̀ ewé, bí ẹni pé kò sí ewu. Ojú rẹ̀ tó wú ni mo rí tí mo fi bẹ dókítà pé kó má jẹ́ kó lọ, a sì yà á sọ́tọ̀. Láàárọ̀, èsì dé, mo fi creatinine sí i, iná di pupa lójú ẹsẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ ẹ̀rọ tí a ń fi há ìka láti ka ọ́síjìn. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2020 fi hàn pé ó máa ń ka ọ́síjìn aláwọ̀ dúdú sí gíga ju bó ṣe wà lọ, ohun tó bá sì sọ ni áàpù á gbà.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. Kí wọ́n jẹ́ kí àyè òfìfo máa hàn, màá fi ìkan kún un. Ní báyìí, a ti lẹ pépà mọ́ ẹ̀yìn fóònù wọ́ọ̀dù: "Ṣé èsì lábù ti dé?"