Kabúrétọ̀ àlòkù ọkọ̀ yìnyín fún Yamaha Banshee: ká ra VM olóbìrí ni, àbí TM pẹlẹbẹ?

Àwọn yáàdì àlòkù ní Minnesota, Michigan àti Québec kún fún kabúrétọ̀ Mikuni tí wọ́n tú lára ọkọ̀ orí yìnyín. Àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì Banshee ṣe (alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ní sìlíńdà méjì àti kabúrétọ̀ méjì) ń rà wọ́n nítorí pé kabúrétọ̀ oníhò milimita 26 tó bá Banshee wá kì í tó mọ́ tí ẹ bá ti gbẹ́ pọ́ọ̀tù sìlíńdà, tí ẹ sì ti pààrọ̀ sàlẹ́ńsà. Oríṣi méjì lẹ máa bá níbẹ̀: VM tí síláìdì rẹ̀ (apá tó ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ láti ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́) rí róbótó, àti TM tí síláìdì tirẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ.

Oríṣi yòówù kẹ́ ẹ rà, ọ̀nà tí epo ń gbà wọ inú àwo fílótà (àwo ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀ tí epo ń dúró sí) ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ti ń kú. Lára ọkọ̀ yìnyín, pọ́ǹpù tí èémí inú kíráńkì ń lù ló ń ti epo wá. Nítorí pé wọ́n ń tì í, ihò síìtì abẹ́rẹ́ fílótà (ibi tí abẹ́rẹ́ ti ń ṣí, tó sì ń pa ọ̀nà epo dé) kò nílò kó tóbi, 1.5 ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ìyẹn milimita kan ààbọ̀. Banshee kò ní pọ́ǹpù. Táǹkì rẹ̀ wà lókè, epo ń fi ìwúwo ara rẹ̀ ṣàn wálẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ń mú nǹkan bí agbára ẹṣin 45 jáde máa ń jẹ bí epo mílílítà 330 ní ìṣẹ́jú kan tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ìyẹn bíi 165 fún kabúrétọ̀ kọ̀ọ̀kan. Tí epo inú táǹkì bá fi sẹ̀ǹtímítà 25 ga ju kabúrétọ̀ lọ, bíi 140 péré ni ihò 1.5 lè gbà kọjá. Bí epo bá sì ṣe ń lọ sílẹ̀ nínú táǹkì, bẹ́ẹ̀ ni iye yẹn á máa dín kù.

Àmì rẹ̀ rèé: ẹ́ńjìnnì á jókòó dáadáa láìtẹ̀ ẹ́, á fà dáadáa ní jíà kejì àti ìkẹta. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ tán lórí ilẹ̀ gbọọrọ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, ohùn rẹ̀ á gbẹ, agbára á sì já lójijì. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì, ẹ máa rí i tó funfun báláú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á sáré lọ fi jẹ́ẹ̀tì ńlá (ihò tó ń wọn epo tó ń lọ sínú ẹ́ńjìnnì) tó tóbi sí i. Kò ní ṣiṣẹ́, torí jẹ́ẹ̀tì kò lè fa epo tí kò sí nínú àwo. Tí wọ́n bá ń gbìyànjú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, písítìnì á ha, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì, owó sìlíńdà á sì lọ nítorí síìtì kékeré kan.

Ẹ ra síìtì àti abẹ́rẹ́ 2.5 tàbí 3.3 fún kabúrétọ̀ méjèèjì. Ti VM ní ojú ìdè, sọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń tú u. Ẹ má gbàgbé wáṣà abẹ́ rẹ̀, torí nínípọn wáṣà yẹn wà lára ohun tó ń pinnu gíga fílótà. Ẹ dojú kabúrétọ̀ délẹ̀: apá fílótà gbọ́dọ̀ bá ojú ara kabúrétọ̀ dọ́gba. Lẹ́yìn náà, ẹ tú ìdè ìsàlẹ̀ àwo, ẹ fi ike gbe epo, ẹ ṣí kọ́ọ̀kì fún ìṣẹ́jú kan nígbà tí táǹkì ti fẹ́ẹ̀ gbẹ. Tí kò bá tó mílílítà 250, ẹ yẹ asẹ́ inú kọ́ọ̀kì àti ihò èémí ìdérí táǹkì wò kẹ́ ẹ tó gùn ún. Àmọ́ tí ẹ bá ti so pọ́ǹpù mọ́ ọn, ẹ fi 1.5 sílẹ̀; pọ́ǹpù á ti abẹ́rẹ́ ńlá kúrò lórí síìtì, epo á sì máa kún jáde.

TM náà ní ìṣòro kan náà, ṣùgbọ́n síìtì àti abẹ́rẹ́ tirẹ̀ kò wọ́pọ̀ tó ti VM. Wọ́n tún sábà máa ń so TM pọ̀ mọ́ irin kan tó bá àlàfo sìlíńdà ọkọ̀ yìnyín mu, kò bá ti Banshee mu. Ẹ ní láti tú u, kẹ́ ẹ sì wá bí okùn ṣe máa fa síláìdì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ti VM, okùn aláwẹ́ méjì tí wọ́n ń tà fún Banshee ti tó. Ẹ yọ àpótí TORS (ẹ̀rọ ààbò Yamaha tó ń dín iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì kù tó bá rò pé síláìdì ti há) kúrò lára wáyà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ́ńjìnnì kò ní ròkè.

Rọ́bà tó so kabúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì: ẹ fi kálípà wọn ẹnu kabúrétọ̀ kẹ́ ẹ tó rà á, kó lè bá rọ́bà náà mu. Ẹ má fi fáìlì fá ẹnu náà. Tí ẹ bá dè é tán, ẹ dí gbogbo ihò, ẹ fẹ́ atẹ́gùn 6 psi sínú ẹ́ńjìnnì; ó gbọ́dọ̀ dúró fún ìṣẹ́jú 6.

Jẹ́ẹ̀tì: afẹ́fẹ́ tó wà ní 25°C fi bí ìdá 15 nínú 100 fúyẹ́ ju ti −20°C lọ, torí náà jẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yìnyín sábà máa ń fún un ní epo púpọ̀ jù. Ibẹ̀ ló ti dára láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa dín in kù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì máa ka púlọ́ọ̀gì.

Ṣókù (choke, èyí tí wọ́n fi ń jí ẹ́ńjìnnì tó tutù) ti ọkọ̀ yìnyín jẹ́ olókùn. Ẹ fi èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé rọ́pò rẹ̀.

TM38 (nọ́ńbà náà ni fífẹ̀ ihò rẹ̀ ní milimita) máa ń yára dáhùn, ẹni tó ń sáré lórí iyanrìn pẹ̀lú sìlíńdà tí wọ́n gbẹ́ gan-an lè jẹ èrè rẹ̀. Fún pọ́ọ̀tù tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn, 38 ti tóbi jù: afẹ́fẹ́ á rọra kọjá, ẹ́ńjìnnì á sì máa kọ́ ikọ́ nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́. VM30 ló tọ́ síbẹ̀, VM34 sì dára fún èyí tí wọ́n ti gbẹ́. Nígbà tí ẹ bá dé yáàdì, ẹ yọ sípíríǹgì, ẹ fi síláìdì sínú VM náà, ẹ dojú rẹ̀ kọ òkè kẹ́ ẹ tún dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀. Tó bá ń bọ́ fúnra rẹ̀ láìha níbì kankan, tí kò sì mì jìgìjìgì lọ́tùn-ún lósì, ẹ sanwó rẹ̀.