Ìṣẹ́jú Àáyá Mẹ́fà tí Asọ̀rọ̀mágbèsì Fi Dákẹ́: Bí A Ṣe Gbọ́ The War of the Worlds ti Ọdún 1938 Nílé Wa

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti gbọ́ eré orí rédíò yìí láti oṣù tó kọjá. Lẹ́ẹ̀kíní, èmi nìkan ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń rán ọrùn búbá kan lọ́wọ́, íyápíìsì sì wà létí mi. Oníròyìn kan ń sọ̀rọ̀ láti inú oko. Ó ń sọ bí iná ṣe ń jó bọ̀, ó ní ó ti kù bí ogún yáàdì lápá ọ̀tún òun. Ohùn rẹ̀ bá já. N kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo rò pé dátà mi ló tán. Mo ti ń na ọwọ́ sí fóònù kí ẹlòmíràn tó gba ọ̀rọ̀, tó ní nítorí ohun tó kọjá agbára àwọn, àwọn kò lè máa bá ìròyìn láti Grover's Mill lọ. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé eré náà ló dákẹ́, kì í ṣe fóònù mi. Jìnnìjìnnì bò mí níbi tí mo jókòó sí, lọ́sàn-án gangan, tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá ń fọn fèrè lójú títì.

Eré tí mo ń sọ ni The War of the Worlds, èyí tí Orson Welles àti ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀, Mercury Theatre, ṣe lórí ilé iṣẹ́ rédíò CBS ní New York ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, 30 oṣù October, 1938, láago mẹ́jọ alẹ́. Ọmọ ọdún 23 ni Welles nígbà náà. H. G. Wells, ará England, ló ni ìtàn náà, ó ti wà nínú ìwé láti 1898. Howard Koch ló kọ ọ́ di eré rédíò. Ó gbé e kúrò ní England lọ sí Grover's Mill, abúlé kékeré kan ní New Jersey, ó sì sọ ìdá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ di ìròyìn. Àwọn ẹ̀dá kan wá láti pílánẹ́ẹ̀tì Mars, wọ́n já lulẹ̀ sí oko ẹnì kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa èèyàn. Kò ju wákàtí kan lọ.

Ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣe é ni mo fẹ́ sọ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo agbára rẹ̀ wà. Lóòótọ́, olùkéde kan sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ pé eré ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn, ṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn tan rédíò lálẹ́ ọjọ́ lásán. Wọ́n sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí. Wọ́n ní ká máa lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan, níbi tí ẹgbẹ́ olórin kan ti ń kọrin ijó. Orin náà tutù, oorun lè gbé èèyàn lọ nídìí rẹ̀. Ó já lójijì: ìròyìn pàjáwìrì, wọ́n rí ìbúgbàmù gáàsì lórí Mars. Orin padà. Ó tún já: wọ́n lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń wo ìràwọ̀ ní Princeton, wọ́n bi í bóyá ohun ẹlẹ́mìí lè wà lórí Mars. Welles fúnra rẹ̀ ló ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n yìí. Ó fọkàn balẹ̀ dáhùn pé kò jọ bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ̀rún sí ẹyọ kan ni. Orin tún padà. Gbogbo ìgbà tí orin yẹn bá padà dé ni ara mi ń kọ̀ ọ́ sí i, nítorí mo ti mọ̀ pé wọn ò ní jẹ́ kó parí.

Frank Readick ló ṣe oníròyìn inú oko yẹn. Kó tó ṣe é, ó ti gbọ́ àkọsílẹ̀ ohùn oníròyìn tó wà níbẹ̀ nígbà tí Hindenburg, ọkọ̀ òfuurufú ńlá àwọn ará Jámánì, gbiná ní New Jersey ní 6 oṣù May, 1937, tó ń sọ̀rọ̀ tó ń sunkún. Èèyàn lè gbọ́ ọ lẹ́nu Readick. Ó kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wá ṣe iṣẹ́ owó oṣù, ó ń bá àgbẹ̀ tó ni oko wí pé kó sún mọ́ gbohùngbohùn. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ń wá ohun tí yóò fi ojú ẹ̀dá yẹn wé, kò rí. Lẹ́yìn náà ni ìdákẹ́rọ́rọ́ tí mo sọ, bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Kò sí ìró kankan. Ẹni tó bá ti ṣe ètò rédíò rí mọ̀ pé ìṣẹ́jú àáyá méjì péré tó láti kó ìpayà bá ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ. Mẹ́fà ni Welles fi sílẹ̀.

Àwọn iye tí wọ́n ń kà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ogójì èèyàn ó kéré tán ti kú nínú oko náà, ọlọ́pàá mẹ́fà wà lára wọn. Ẹgbẹ̀rún méje ọmọ ogun ni wọ́n kó jáde sí ẹ̀rọ ìjà kan ṣoṣo, 120 nìkan ni wọ́n mọ̀ pé ó yè. Akàròyìn náà kà á bí ẹni tó ń ka iye owó ọjà, kò gbé ohùn sókè. Ẹ̀rù ibẹ̀ ju ti ariwo lọ.

Lẹ́ẹ̀kejì, ilé ni a ti gbọ́ ọ. Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́, a ò tan jẹnẹrétọ̀, mo gbé sípíkà kékeré sórí tábìlì. Bàbá mi wà níbẹ̀, àbúrò ọkọ mi, ọmọ mi obìnrin tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, àti Ìyá Ìbejì tí a jọ ń gbé ilé. Mo sọ fún gbogbo wọn tẹ́lẹ̀ pé eré ni, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá. Mo ń dá a dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá Ìbejì. Kò pẹ́ tó fi ní kí n má dá a dúró mọ́, pé ohùn wọn ti tó òun, òun mọ ohùn ẹni tí ẹ̀rù ń bà ní èdè yòówù. Ọmọ mi ló rí ohun tí èmi ò rí nígbà tí mo dá gbọ́ ọ: "Màmá, ìgbà wo làwọn sójà yìí tiẹ̀ délé ibẹ̀?" Òótọ́ ni. Láàárín ogójì ìṣẹ́jú, ilẹ̀ ti fọ́, ogun ti jáde, ogun ti kú, New York ti ṣófo. Ohun tó yẹ kó gba ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n sáré kọjá, síbẹ̀ etí gbà á, nítorí bí ìròyìn pàjáwìrì ṣe máa ń tẹ̀ lé ara wọn nìyẹn.

Nígbà tí ohùn ìjọba wọlé, ìyẹn mínísítà kan tí ohùn rẹ̀ fara jọ ti Ààrẹ Roosevelt gan-an, tó ń rọ àwọn aráàlú kí wọ́n fara balẹ̀, Bàbá gbé ọwọ́ sókè pé kí n dá a dúró. Ó ní, "Mo ti gbọ́ irú èyí rí." Ọjọ́ Àìkú ni òun náà sọ, 22 oṣù April, 1990. Èkó ni wọ́n ń gbé nígbà náà, ní Muṣin, ó ń múra ṣọ́ọ̀ṣì. Orin ológun gba orí rédíò, ohùn Mejọ̀ Gideon Orkar tẹ̀ lé e, pé àwọn ti gba ìjọba, àwọn sì ti yọ ìpínlẹ̀ márùn-ún lókè ọya kúrò lára Nàìjíríà. Bàbá ní òun dúró níwájú rédíò pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Òun fẹ́ bi í léèrè: ta ni yín, níbo lẹ wà, ṣé òótọ́ ni? Kò sí bí èèyàn ṣe ń bi rédíò léèrè. Kó tó di alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ti ṣẹ́gun àwọn Orkar, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí yẹn, ohun tí àpótí sọ ni òótọ́ tí gbogbo àdúgbò ní. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan. Mo ti gbọ́ ìtàn Bàbá púpọ̀, n kò gbọ́ èyí rí kó tó di alẹ́ ọjọ́ náà.

Nítorí náà, ó ń dùn mí nígbà tí mo bá rí i tí wọ́n ń kọ ọ́ pé òmùgọ̀ làwọn ará Amẹ́ríkà tó gbọ́ ọ nígbà náà, pé mílíọ̀nù èèyàn ya sójú títì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n pe 5,000 ilé lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an láti mọ ohun tí wọ́n ń gbọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún, méjì péré ló dárúkọ eré Welles. Ètò aláwàdà kan tó ń mú ère onígi sọ̀rọ̀ lórí NBC, ilé iṣẹ́ rédíò mìíràn, ló ní èrò jù. Àwọn ìwé ìròyìn ló bu ọ̀rọ̀ náà sí i lọ́jọ́ kejì, títí kan ojú ìwé àkọ́kọ́ New York Times. Rédíò ń gba ìpolówó ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́ nígbà náà, inú wọn ò sì dùn sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba àwọn kan ní tòótọ́. Fóònù àwọn ọlọ́pàá kò dákẹ́. Ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Concrete, ní ìpínlẹ̀ Washington, iná mànàmáná ìlú lọ láàárín eré náà gan-an. Ẹ fi ara yín sípò wọn. Hadley Cantril, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Princeton, fi ọ̀rọ̀ wá àwọn olùgbọ́ lẹ́nu wò, ó sì kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1940. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ẹ̀rù bà ni kò bá ìbẹ̀rẹ̀ eré náà, kò sì sí ìpolówó ọjà tí yóò já a títí di nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, nítorí ètò náà kò tíì ní onígbọ̀wọ́. Àwọn kan ò tiẹ̀ ro ti Mars, àwọn ará Jámánì ni wọ́n rò pé ó gbógun dé. Oṣù kan ṣáájú ni ọ̀rọ̀ Hitler àti Czechoslovakia fẹ́ẹ̀ di ogun, rédíò kan náà ló sì ń já ètò wọn láti sọ ọ́ fún wọn. Ohùn tó ti ń sọ òótọ́ fún wọn ló tún sọ èyí.

Ta ni nínú wa tó lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́? Ní oṣù August, 2014, lẹ́yìn tí Ebola ti wọ Èkó, ìyá ọkọ mi kan ilẹ̀kùn wa kí ilẹ̀ tó mọ́, ó gbé omi iyọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ti pè é lórí fóònù pé ká fi wẹ̀, ká sì mu nínú rẹ̀. Mo wẹ̀. Mo ti kàwé, mo mọ̀ pé iyọ̀ kì í pa kòkòrò àrùn yẹn, mo sì wẹ̀, nítorí ẹni tó mú un wá fẹ́ràn mi. Ìròyìn sọ lẹ́yìn náà pé àwọn kan kú níbi tí wọ́n ti mu iyọ̀.

Ibi tí eré náà ti dùn mí ni ìdajì rẹ̀ kejì. Lẹ́yìn ìsinmi, ìròyìn dópin, ọ̀jọ̀gbọ́n Princeton nìkan ló ń rìn nínú ahoro, ó ń sọ ìrìn àjò rẹ̀ títí ó fi dé New York. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Àbúrò ọkọ mi sùn lọ. Ọkùnrin kan tí ọ̀jọ̀gbọ́n bá pàdé lọ́nà nìkan ló mú mi níbẹ̀: ó ní àwọn tó kù yóò máa gbé nínú ihò ilẹ̀, wọn yóò jí ẹ̀rọ àwọn ará Mars, wọn yóò sì fi kọlu àwọn ará Mars àti èèyàn ẹgbẹ́ wọn pẹ̀lú. Ìyẹn dúdú ju ẹfin olóró tí àwọn ará Mars fi ń pa èèyàn lọ. Bí àwọn ará Mars ṣe kú, kòkòrò tí ojú ò rí ló pa wọ́n, yára jù fún mi. Ohùn àkọsílẹ̀ náà sì ti gbó, ó ń hó díẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè Òyìnbó àtijọ́ yẹn dáadáa yóò pàdánù ọ̀rọ̀ níbi ogun àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú.

Ẹ lè rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Internet Archive. Alẹ́ ni kí ẹ gbọ́ ọ, nínú òkùnkùn, kí ẹ má sì ṣe iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi dán àgbàlagbà wò láìsọ fún un. Ní Quito, ní Ecuador, ní 12 oṣù February, 1949, ilé iṣẹ́ rédíò kan ṣe ìtàn yìí kan náà ní èdè Spanish láìkìlọ̀. Nígbà tí wọ́n wá sọ pé eré ni, ìbínú gbé èrò, wọ́n dáná sun ilé náà, èèyàn sì kú sínú rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa eré yìí, òun ni n kò lè gbàgbé. Mo fún ogójì ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ní márùn-ún nínú márùn-ún, mo fún ìyókù ní mẹ́ta.

Lẹ́ẹ̀kẹ́ta, Bàbá ló ní kí n tún gbé e sí i fún òun, àwa méjì péré. Kò fẹ́ ti inú oko. Ibi tí olùkéde tó kẹ́yìn ti dúró sórí òrùlé ní New York ló fẹ́. Agogo ń dún, olùkéde náà ń ka àdúgbò tí ẹfin náà ti dé, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, títí ohùn rẹ̀ fi já. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù lórí afẹ́fẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ó ń ké sí gbogbo ayé pé ṣé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó bi í lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un bi. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn.

Bàbá mi ti ń pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ó wo sípíkà náà fún ìgbà díẹ̀. "Òun náà ń wá èsì," ló wí, ó sì ní kí n bá òun pa á.