Àgbéyẹ̀wò Cub Scouts: báàjì Wolf, ọwọ́ òsì, àti ìyá ọkọ mi

Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fún àwọn ọmọ ní báàjì Wolf, orúkọ ọmọ mi nìkan ni wọn kò pè. Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ èyí nìyẹn, nítorí náà ẹ má retí kí n máa ṣàlàyé ohun tí Scouting America, ẹgbẹ́ ńlá tó ni Cub Scouts ti àwọn ọmọdé, jẹ́ tàbí iye tí wọ́n ń ta ṣẹ́ẹ̀tì búlúù wọn. Òbí wo ló wà ní Maryland níbí tí kò tíì rí fọ́ọ̀mù wọn nínú báàgì ọmọ rẹ̀? Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi kí n tó sanwó ni mo fẹ́ sọ.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́: ọmọ kíláàsì kejì ló ń ṣe Wolf. Lion àti Tiger ṣáájú rẹ̀, Bear ló tẹ̀lé e. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024 ni wọ́n ti tún ètò náà tò, ipò kọ̀ọ̀kan wá ní iṣẹ́ mẹ́fà tó pọn dandan àti méjì tí ọmọ bá fẹ́ràn. Adventure ni wọ́n ń pe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá parí ọ̀kan, wọ́n á fún un ní irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń kì bọ bẹ́líìtì. Àwọn irin yẹn dùn mọ́ ọmọ mi débi pé ó ń de bẹ́líìtì mọ́ aṣọ oorun.

Màá sọ èyí tó dára, torí ó pọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Footsteps ní kí ọmọ bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀sìn ilé wọn, kó sì tún mọ̀ nípa ẹ̀sìn mìíràn tí kì í ṣe tiwọn. Nínú ilé tiwa, Alhaji ni bàbá ọkọ mi, bàbá tèmi sì ń kọrin nínú kúáyà ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà títí wọ́n fi kú. Ọmọ náà pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lórí fóònù láti béèrè ọ̀rọ̀ Iléyá, ó sì ya àgbò kan tí ìwo rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Ta ni ìbá ti jókòó tì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe pé wọ́n ní a gbọ́dọ̀ sọ ọ́? Ti Paws on the Path, tó jẹ́ ti rírìn níta, ní kó kó nǹkan mẹ́fà dání: ohun ìtọ́jú ọgbẹ́, omi, tọ́ọ̀ṣì, ìpápánu, ohun ààbò lọ́wọ́ oòrùn, àti fèrè. Fèrè yẹn, ẹ fi pamọ́ títí di ọjọ́ ìrìn. Mi ò ní sọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ààbò náà, mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, torí kò sí ẹni tó lè sọ pé òun kò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn. Lọ́dún 2020 ni ẹgbẹ́ náà gba ilé ẹjọ́ lọ pé gbèsè ti wọ àwọn lọ́rùn, àwọn tó sì wá sọ pé wọ́n fi ìbálòpọ̀ fìyà jẹ àwọn ní kékeré lé ní 82,000. Nítorí náà, mo ń ṣọ́ wọn. Nínú pack tiwa, ìyẹn ẹgbẹ́ Cub Scouts àdúgbò wa, mi ò tíì rí ọjọ́ kan tí àgbàlagbà kan ṣoṣo dá wà pẹ̀lú ọmọ. Méjì ni wọ́n ń wà, ó kéré tán. Bí ẹnì kejì bá pẹ́, a ó dúró níta nínú òtútù títí tí yóò fi dé, kò sí àrọwà. Iṣẹ́ Safety in Numbers pàápàá ní kí òbí àti ọmọ jọ wo fídíò lórí bí ọmọ ṣe lè dáàbò bo ara rẹ̀. A wò ó, a sì sọ ọ̀rọ̀ tí ìyá tèmi kò bá mi sọ rí. Ibẹ̀ yẹn, mo kan sáárá sí wọn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ báàjì.

Blue and Gold ni wọ́n ń pe àsè náà. Oṣù kejì ni wọ́n máa ń ṣe é, torí oṣù kejì ọdún 1910 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ńlá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Mo gbé jọ̀lọ́ọ̀fù lọ nínú kúlà ńlá, ó sì tán kí ẹnikẹ́ni tó yíjú sí sìpàgẹ́tì. Ìyá ọkọ mi, Màámi, ti wá kí wa láti Ìsẹ́yìn. Wọ́n wé gèlè aṣọ òkè tí wọ́n hun ládùúgbò wọn, wọ́n sì gbé fóònù sókè láti ká ọmọ ọmọ wọn sílẹ̀. Bí orúkọ bàbá ṣe tẹ̀lé ara wọn nínú ABC ni wọ́n ń pè wọ́n, A sì ni tiwa. Ọmọ mi ti dìde kí wọ́n tó la ẹnu. Ó ti fa ìbọ̀sẹ̀ sókè, ó ti tún síkáàfù ìyeyè ọrùn rẹ̀ tò. Wọ́n pe ti B. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, bóyá àṣìpè ni. Wọ́n pe ti C. Ó bojú wẹ̀yìn wò mí. Nínú fídíò Màámi, ẹ ó gbọ́ ohùn wọn pé, "Ọmọ tiwa ńkọ́?", lẹ́yìn náà gèlè ẹnì kan bo gbogbo àwòrán. Tiwọn náà ni, wọ́n ti ń dìde.

Mo bá den leader, olórí ìsọ̀rí kékeré tí ọmọ mi wà nínú pack, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kéèkì. Ọ̀dọ́bìnrin kan ni, ọmọ tirẹ̀ wà nínú den yẹn. Kò gbóhùn sókè sí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn. Ó ní Bobcat ló kù fún ọmọ mi. Mo ní Bobcat kẹ̀? Èyí tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀? Ọmọ tó ń ka òfin Scout méjèèjìlá nínú bálùwẹ̀? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó mọ òfin, ó mọ ìbúra, ó mọ àmì oníka méjì, ó mọ sálúùtù. Ìbọwọ́ ló kù. Ọwọ́ òsì ni Scout fi ń bọ ara wọn lọ́wọ́, ọmọ mi sì ń na ọ̀tún ní gbogbo ìgbà. Bí òun bá ní kó na òsì, ṣe ló máa ń fi í pamọ́ sẹ́yìn.

Kí ni kò ní fi pamọ́ sí? Láti ìgbà tó ti ń rákò la ti ń gbá ọwọ́ yẹn dànù bó bá fẹ́ fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, áńbọ̀sì ká fi bọ obìnrin tó tó ìyá ẹni lọ́wọ́.

Mo kọ ímeèlì sí i lóru yẹn. Ilẹ̀ mọ́, ó fèsì, ó da ohun tó wà nínú ìwé wọn kọ fún mi: kí ọmọ fi àmì, sálúùtù àti ìbọwọ́ hàn, kó sì fi hàn bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní nínú ìwé kan náà, Do Your Best ni àkọmọ̀nà yín, ọmọ tó bá ti sa ipá rẹ̀ ti ṣe tirẹ̀. Ó ní òun kò gbọdọ̀ ṣe ojúsàájú. Mo bi í bóyá gbogbo àwọn ọmọ tó kù náà ní ìyá àgbà láti Ìsẹ́yìn nílé. Kò dá mi lóhùn. Nínú áàpù Scoutbook, wọ́n ti fọwọ́ sí gbogbo ìlà, ọ̀kan ṣoṣo ló ṣófo, èmi sì ń ṣí i wò lẹ́nu iṣẹ́ bí ẹni tó ń retí owó oṣù.

Ìgbà tí Màámi wá gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀, mo rò pé ìwà àfojúdi ni wọ́n máa pè é. Rárá o. Wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n sọ òótọ́ fún àwọn, ẹgbẹ́ wo la fi ọmọ wọ̀? Wọ́n ń kà á lórí ìka: wọ́n ń búra, wọ́n ní àmì ọwọ́, aṣọ kan náà ni wọ́n ń wọ̀, orúkọ ẹranko ni wọ́n ń jẹ́, wọ́n ń gun ipò dé ipò, wọ́n sì ń bọwọ́ lósì. "Ìyàwó mi, yàtọ̀ sí Ògbóni, ta ló ń bọwọ́ lósì?" Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n lé e jáde.

Cubmaster, olórí gbogbo pack, pè wá ní ọjọ́ Àìkú. Mo ti di àmùrè, ṣùgbọ́n ó ní ìyá àgbà lòun fẹ́ rí. Bàbá olórí ewú kan ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé a sọ fún un. Màámi kò na ọwọ́ kankan sí i. Èmi ni mo ń ṣe ògbufọ̀. Ó ní ìtàn tí àwọn Scout ń sọ fún ara wọn ni pé Baden-Powell, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́kọ́ dá Scout sílẹ̀, wà nínú àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó lọ mú Prempeh, ọba Asante, ní Kumasi lọ́dún 1896. Ìjòyè Asante kan ló na ọwọ́ òsì sí i, ó ní àwọn akọni ló ń bọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí ọwọ́ òsì ló ń gbé apata: ẹni tó bá fi apata sílẹ̀ láti bọ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ti fọkàn tán ẹ. Ó ní òun kò lè búra pé òótọ́ ni.

Màámi gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní, "Wọ́n mú ọba lọ sígbèkùn, wọ́n tún kó ìkíni rẹ̀ lọ?"

Mo rò ó wò bóyá kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, Màámi ní kí n fún un lómi. Ó wá yíjú sí ọmọ mi, ó ní kó sọ fún òun bí Scout ṣe ń bọwọ́, ìgbà tí wọ́n ń ṣe é, àti ìdí tí wọn kì í fi ṣe é nílé rẹ̀. Ọmọ náà sọ ọ́ létòlétò, àfi bí agbẹjọ́rò. Bàbá ní èyí ti tó òun, ìwé kò ní kí ọmọ tàbùkù ilé rẹ̀. Màámi ló wá sọ pé, "Bó bá jẹ́ ti eré yín nìkan ni, ṣe é kí n rí i. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá fi gba ẹran lọ́wọ́ mi, o ó rí mi." Ọmọ mi fi àtẹ́lẹwọ́ òsì nu ara ṣòkòtò, ó nà án, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ mọ́ ọn. Bàbá ti awò ojú sókè, ó fi ìka kan tẹ ìlà tó ṣófo lórí fóònù rẹ̀.

Ìpàdé oṣù tó tẹ̀lé e ni wọ́n pè é. Màámi ti padà sílé nígbà yẹn.

Ẹ má rò pé ìyẹn parí ẹ̀sùn mi. Gúgúrú wà níbẹ̀. Wọ́n ń ní kí ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà kó máa ta gúgúrú láti fi rówó fún pack, ní iye tó ń ti èmi fúnra mi lójú láti pè. Gúgúrú tí kò ní ẹ̀pà! Àwọn ọmọ ìjọ wa rà á nítorí mi, wọ́n sì ń rán mi létí.

Ṣùgbọ́n den leader yẹn kan náà ló gbà wá nígbà Pinewood Derby. Láti ọdún 1953 ni wọ́n ti ń ṣe é: wọ́n á fún ọmọ ní pákó kan, ìṣó mẹ́rin àti táyà mẹ́rin kó fi ṣe ọkọ̀ tí kò gbọdọ̀ wúwo ju áńsì 5 lọ. Àwọn bàbá kan ń fi ẹ̀rọ gé tiwọn bí ẹni tó fẹ́ tà á. Iṣẹ́ òru ni ọkọ mi ń ṣe, èmi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń di ayùn mú. Obìnrin yìí pe ọmọ mi sí gáréèjì rẹ̀, ó fún un ní bébà ìfági, kò sì fọwọ́ kan pákó náà títí ọmọ fi ṣe é tán fúnra rẹ̀. Ọjọ́ ìdíje, ọkọ̀ náà wúwo jù lórí òṣùwọ̀n. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó fi dírílì lu ihò sí i lábẹ́, ó ń fẹ́ ìyẹ̀fun pákó kúrò, ó tún wọ̀n ọ́n, ó tún lu òmíràn. Kò tíì bẹ̀ mí nítorí alẹ́ báàjì. Èmi náà kò sì tíì bi í mọ́. Ọkọ̀ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kẹ́yìn, ọmọ mi sì ń pariwo bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ.

Lọ́dún tó ń bọ̀, ní Bear, wọ́n lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ igi. Ọ̀bẹ. Màá bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn, mi ò sì ní fi kún un, torí fídíò tí Màámi gbé lọ sí Ìsẹ́yìn kò ní báàjì nínú. Mo ti san owó Bear. Láti ọdún 2018 ni wọ́n ti ń gba àwọn ọmọbìnrin sí Cub Scouts, nítorí náà mo san ti àbúrò rẹ̀ obìnrin náà, Lion ló máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án.