Láàbù kan ní Yaba tó ń fi swab yẹ ìdí wò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé tẹ́ ẹ bá ti tọ̀ sínú ike, tẹ́ẹ̀sì àrùn ìbálòpọ̀ ti parí nìyẹn, ẹ gbọ́ o. Àtọ̀sí àti chlamydia lè wà nínú ihò ìdí kí tẹ́ẹ̀sì ìtọ̀ má rí nǹkan kan, ọ̀pọ̀ ìgbà gan-an kì í yún èèyàn kì í sì í dunni, ìyẹn ni mo ṣe lọ sí láàbù yìí. Nọ́ọ̀sì wọn dáa, kò wò mí bí ẹni tó jalè, ó kàn ní "ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n bá yín ṣe é àbí ẹ máa ṣe é fúnra yín?" Èmi ni mo ṣe é jàre. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni swab yẹn, ẹ máa tì í wọlé bíi sẹ̀ǹtímítà 3, ẹ yí i díẹ̀, ẹ wá fi sínú ìgò kékeré, ó tán. Kò dùn mí, ó kàn ṣe mí bákan ni. Ọmọbìnrin tó ń gbowó ló bí mi nínú, ó pariwo orúkọ tẹ́ẹ̀sì mi sétí gbogbo èèyàn, ìyá kan tó gbọ́mọ dání wá ń wò mí látòkè délẹ̀. Owó ẹ̀ náà wọ́n ju ti ìtọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èsì wọlé sórí WhatsApp lásìkò, màá ṣì padà lọ, kí wọ́n ṣáà bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀.